Níbo Ni Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Wà Nítòsí? Áàpù Kan fún Kika àti Gbogbo Agbègbè Tchaourou

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ. Àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ òní tí kò bá a pàdé, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ darandaran. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, pàápàá èyí tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn.

Níhìn-ín ní Benin, ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou gba Tchaourou kọjá lọ sí Parakou, tó sì ń bá a lọ títí dé Malanville létí odò Niger, ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Láti Cotonou dé Parakou nìkan, ó lé ní 400 kìlómítà. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá dúró lẹ́bàá igbó. Àwọn ọkùnrin á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kọjú sídìí igi, ó parí. Àwọn obìnrin á máa wò yí ká. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á ní òun ò sọ̀ kalẹ̀ ní tòun. Aboyún á bẹ ẹnìkan pé kó bá òun fi ìró ta bí aṣọ títa. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ á jókòó sínú ọkọ̀, á dijú, á máa retí Parakou. Àwọn mìíràn sì ti pinnu láti ìdájí pé omi kankan ò ní kan àwọn lẹ́nu títí àwọn á fi délé. Ẹni tó bá mọ oòrùn ilẹ̀ Borgou, níbi tí Tchaourou àti Parakou wà, mọ̀ pé ẹni tí kò mu omi nínú rẹ̀ ń fi ara rẹ̀ wéwu: orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, ìtọ̀ á máa ta á nígbà tó bá ráyè tọ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tí kò jìnnà ju ìdajì kìlómítà lọ síbi tí ọkọ̀ náà dúró sí, lẹ́yìn ọjà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò mọ̀. Gbogbo wọn ní pọ́tábù, ìyẹn fóònù, lápò. Ṣé pọ́tábù yẹn kò lè sọ fún wọn ni?

Ó lè sọ ọ́. Wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn, ó ti lé ní ogún ọdún. Ìjọba Australia ṣe àwòrán ilẹ̀ kan tó ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo èèyàn hàn káàkiri orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 2001, àwọn ilé tó wà nínú rẹ̀ lónìí sì ju 20,000 lọ. Ètò ìlera ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà, nítorí àwọn tí kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró. Èrò náà yè kooro: ẹni tí àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá jà kì í jáde nílé bí kò bá mọ ibi tí òun máa sá sí, bí kò bá sì jáde, kò ní ṣòwò, kò ní lọ síbi ìgbéyàwó, kò ní kí ẹbí.

Ní London, ní ìparí ọdún 2007, ìgbìmọ̀ ìlú Westminster gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní SatLav. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní Royal College of Art, Gail Knight, ló gbé èrò náà kalẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ bá gbọ̀n lóru á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, wọ́n á yọ pẹ́ńsì 25 nínú owó rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì padà wá pẹ̀lú ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó súnmọ́ ọn jù wà. Ẹ ṣàkíyèsí pé fóònù tó lọ́gbọ́n kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, iPhone àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn gan-an ni. Fóònù onítẹ̀ẹ́tẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà ń lò ní agbègbè wa títí di òní.

India náà bọ́ sí i. Lẹ́yìn tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ìmọ́tótó ńlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo èèyàn sórí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2016, ó kọ́kọ́ ṣe é ní agbègbè Delhi àti ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh. Nígbà tó fi di 2019, ó ti ju 45,000 lọ. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú máa ya àwòrán, kí wọ́n máa sọ èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n Kika kì í ṣe London, kì í sì í ṣe Delhi. Kika jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè méje tó para pọ̀ di komúùnù Tchaourou, ó wà ní apá ìlà-oòrùn, lọ́nà ẹnubodè Nàìjíríà. Ilẹ̀ komúùnù náà ju 7,000 kìlómítà lọ níbùú lóròó. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú ọ̀sà rẹ̀ àti àwọn ibùgbé rẹ̀, kò tó 3,600. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní 2013, àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì Èkó yìí jẹ́ 223,138. Èdè Yorùbá, èdè Baatonu àti ti Fúlàní ń lọ ní ọjà kan náà. Ilé kò pọ̀ lójú kan, ìletò jìnnà síra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa wá, a sì máa lọ.

Ìṣòro tó ju ìyẹn lọ tún wà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera àti ìdílé ní Benin láàárín 2017 sí 2018 fi hàn pé ó lé ní ìdajì ìdílé orílẹ̀-èdè yìí tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan rárá. Ní gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 419 èèyàn ló ṣì ń yàgbẹ́ sí gbangba ní ọdún 2022. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó ní Parakou, tó ṣe áàpù tó rẹwà, tí ìyá kan sì tẹ̀ ẹ́ ní ìletò kan lẹ́yìn Kika, ó ṣeé ṣe kí áàpù náà dá a lóhùn pé: kò sí.

Àwọn kan á ní, ó tán, áàpù ò wúlò nìyẹn, ẹ lọ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. "Kò sí" yẹn gan-an ni ohun tó níye lórí jù tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè kó jọ ní agbègbè wa. Bí àwọn èèyàn bá wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú kan náà lọ́jọ́ ọjà, tí áàpù ò rí nǹkan kan fi hàn wọ́n, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ ṣálángá sí. Ní báyìí, ta ló mọ ibẹ̀? Ẹni tó ń kọ ètò ìnáwó nínú ọ́fíìsì kò mọ̀ ọ́n. Alágbàṣe tó ń kọ́lé kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo tàbí ibi tí ẹni tó lẹ́nu bá ti ní kí wọ́n kọ́ ọ sí ni wọ́n máa ń kọ́ ọ sí. Ìdí nìyẹn tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mìíràn fi ń wà lẹ́yìn odi ìlú, tí ewéko ń bò ó, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń ká aṣọ sókè nídìí igi.

Èyí kì í ṣe àlá lásán. Ní ọdún 2009, àwọn ọ̀dọ́ Kibera, àdúgbò tálákà ńlá kan ní Nairobi, gba ẹ̀rọ GPS sọ́wọ́, wọ́n rìn ní gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò wọn. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí Kibera wà lórí ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ ṣófo, àfi bí ẹni pé èèyàn kankan kò gbé ibẹ̀. Map Kibera ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ibi tí omi ẹ̀rọ wà, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi tí ilé ìwòsàn wà. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ṣe é fúnra wọn, orí OpenStreetMap sì ni wọ́n gbé e sí.

OpenStreetMap yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe áàpù fún Kika fi ṣe ìpìlẹ̀. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Àwòrán ilẹ̀ gbogbo ayé ni, tí ẹnikẹ́ni lè fi ìmọ̀ rẹ̀ kún, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan kọ́bọ̀. Ó ní àmì tirẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, amenity=toilets, ó sì ní àyè láti kọ bóyá wọ́n ń gba owó, bóyá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé, bóyá ṣálángá ni tàbí olómi. Áàpù bíi Organic Maps àti OsmAnd ń ka àwòrán yìí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bí èèyàn bá ti gbé ti Benin sórí fóònù rẹ̀ nígbà tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ìyẹn ni pé, bí ọ̀dọ́ mẹ́rin bá fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo èèyàn tó wà ní Kika kún OpenStreetMap, arìnrìn-àjò á ti lè rí i lórí áàpù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan lára áàpù tuntun.

Kí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ gan-an? Ibí yìí ló yẹ ká farabalẹ̀ sí, nítorí ibí ni iṣẹ́ náà ti máa ń dára tàbí kó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣálángá kan tí wọ́n kọ́ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ká wò ó fínnífínní. Ògiri bíríkì, páànù lórí, ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Lẹ́yìn rẹ̀, páìpù kan ti inú kòtò jáde, ó ga ju páànù lọ, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀. Zimbabwe ni wọ́n ti ṣe irú ṣálángá yìí jáde ní àwọn ọdún 1970. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí páìpù náà máa ń fa òórùn inú kòtò sókè, kò ní jẹ́ kó padà sínú ilé. Eṣinṣin tó bá wà nísàlẹ̀ á máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láti orí páìpù, á fò lọ sókè, nẹ́ẹ̀tì á dá a dúró, á kú síbẹ̀. Inú ilé gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ kí èyí tó ṣiṣẹ́. Bí nẹ́ẹ̀tì bá ya, tàbí tí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, eṣinṣin á jáde lọ bà lé ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè wo nẹ́ẹ̀tì, kó má kàn wo ilẹ̀kùn nìkan.

Kó wọlé. Ṣé ìkọ́lẹ̀kùn wà nínú? Obìnrin kan ò ní fi ọkàn balẹ̀ lo ibi tí kò ṣeé tì. Ṣé omi wà, ṣé búta wà? Ní agbègbè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí báyìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní omi fún ìmọ́ra, ẹlòmíràn á kà á sí pé kò sí rárá. Ṣé ọṣẹ wà? Ṣé ibi tí ọmọbìnrin lè ju pádì sí wà, àbí inú kòtò ló máa jù ú sí tí kòtò á fi tètè kún? Ṣé àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tí arúgbó ò ní lè gùn? Ṣé iná wà lálẹ́? Èló ni wọ́n ń gbà? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ áàpù ìlú òyìnbó kì í rántí bi: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Kọ́kọ́rọ́! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìjọba kọ́, tí wọ́n yà ní fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, tí wọ́n sì tì pa láti ìgbà náà, ó pọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Áàpù tó fi irú ilé bẹ́ẹ̀ han èèyàn ti pa irọ́ fún ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n, ẹni náà ò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láyé. Ó sàn kí áàpù ní ilé mẹ́wàá tó ṣí ju ọgọ́rùn-ún tí a kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣí. Gbogbo àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ tí ẹnìkan dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí áàpù sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wá a.

Ní ti bí fóònù ṣe ń mọ èyí tó súnmọ́ jù, kò ṣòro. Fóònù ń gbọ́ sátẹ́láìtì GPS láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, níta gbangba lábẹ́ ọ̀run ó sì lè mọ ibi tí èèyàn dúró sí pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju mítà márùn-ún lọ. Abẹ́ páànù tàbí abẹ́ igi ńlá ló ti máa ń ṣì í sọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, ti ìlà ìbú àti ti ìlà òró. Áàpù á fi nọ́ńbà ẹni tó ń wá a wé ti gbogbo ilé tó wà lákọsílẹ̀, á ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, á sì tò wọ́n. Àkọsílẹ̀ ilé kan kò ju nǹkan bí igba lẹ́tà lọ. Ẹgbẹ̀rún ilé, tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, lè má tó fọ́tò kan ṣoṣo tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò sí ìdí kankan tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wúwo, tàbí kó máa jẹ dátà.

Ohun kan ni kí olùṣe áàpù ṣọ́ra fún: ìṣirò yẹn, gbọnrangandan ni. Fóònù kò mọ̀ pé odò wà láàárín. Ẹni tó bá mọ odò Okpara, tó ń ṣàn ní apá ìlà-oòrùn wa tó sì wá di ààlà pẹ̀lú Nàìjíríà níwájú, á mọ̀ pé ibi tó jẹ́ mítà 300 lójú ẹyẹ lè di ìrìn ìdajì ọjọ́ fún ọmọ èèyàn nígbà òjò. Ipa ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àwòrán náà. Àwọn ọmọ ìletò ló mọ̀ ọ́n, sátẹ́láìtì ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará abúlé wa kò sì jẹ́ àlejò sí àwòrán ilẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń lò ní Benin láti gba àwọn ìletò níyànjú pé kí wọ́n gbẹ́ ṣálángá fúnra wọn. ATPC ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ilẹ̀ Bangladesh ni Kamal Kar ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1999 sí 2000. Ní àríwá Benin níhìn-ín, ètò PAPHyR gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri àwọn ìletò láti ọdún 2014. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo ìletò á pé jọ síta, wọ́n á fi eérú ya àwòrán abúlé wọn sórí ilẹ̀. Kálukú á dúró síbi tí ilé tirẹ̀ wà. Ibí yìí ni kànga, ibẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí oníkálukú fi àmì sí ibi tó máa ń lọ yàgbẹ́. Láìpẹ́, àmì á ti yí kànga ká, ẹnu gbogbo ìjọ á sì pa rọ́rọ́.

Àwọn kan ti bẹnu àtẹ́ lu ètò náà pé ó máa ń dójú ti èèyàn, àríwísí náà tọ́. Kò yẹ kí wọ́n fi ìtìjú lé tálákà lọ sídìí ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n àwòrán orí ilẹ̀ yẹn dára púpọ̀, ohun tó sì dunni jù lọ ni pé òjò máa ń gbá a lọ. Àwọn obìnrin tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ abúlé yà á, àwọn àgbà tún un ṣe, àwọn ọmọdé fi òkúta sí i. Kí ló dé tí ẹnìkan ò yọ fóònù kó yà á ní fọ́tò kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ rẹ́, kó sì rìn lọ síbi àmì kọ̀ọ̀kan láti gba nọ́ńbà rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí áàpù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò ní fóònù tó lọ́gbọ́n ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ bíi ti Westminster ṣì ṣeé ṣe, bí àwọn iléeṣẹ́ fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Benin, MTN, Moov àti Celtiis, bá fọwọ́ sí nọ́ńbà kúkúrú kan ṣoṣo. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí ohùn ló máa dáhùn, ní èdè Yorùbá ti agbègbè wa, ní Baatonu, ní Fúlàní, kó sì sọ ọ́ bí ará ilé ṣe ń júwe ọ̀nà: "Kọjú sí ibùdókọ̀ àwọn ọlọ́kadà zem, yà sí ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ẹ̀rọ ọlọ, ilé aláwọ̀ ewé ni, ìyá tó ń ta gúgúrú ló ní kọ́kọ́rọ́." Kò sí ará Kika tó máa ń júwe ọ̀nà fún àlejò pẹ̀lú orúkọ òpópónà. Rédíò pẹ̀lú lè ṣe tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ìṣẹ́jú kan péré tó láti ka ibi tó ṣí àti ibi tó bàjẹ́.

Àwọn ibi kan wà tí kò yẹ kó dé orí áàpù náà rárá, tàbí tó gba ìyọ̀ǹda kó tó débẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ti àwọn ọmọ ni. Kò bójú mu kí fóònù máa darí àjèjì wọ ọgbà ibi tí ọmọbìnrin kékeré ń lọ dá tọ̀. Ti ilé àdáni, àfi bí onílé bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ti ilé ìwòsàn àti ti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bójú tó o. Áàpù náà kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tó ń wá ibi tó máa tọ̀ sí. Ibi tó dúró sí àti ọjọ́ nìkan ti tó.

Ìbéèrè owó kù. Ta ló máa gbọ́n omi, ta ló máa gbálẹ̀, ta ló máa kó kòtò nígbà tó bá kún? Àwọn Yorùbá ìlú Èkó ti fún wa ní ìdáhùn kan, ẹni tó sì fún wọn ní in ni Isaac Durojaiye, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ọ̀túnba Gadaffi. Ó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ fún olóògbé MKO Abíọ́lá rí kó tó dá iléeṣẹ́ DMT sílẹ̀, tó ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníke tó ṣeé gbé kiri. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ike náà. Ó kó àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sí ibùdókọ̀ àti ọjà, ó fi wọ́n lé àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ àti àwọn opó lọ́wọ́, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé, wọ́n sì ń mú nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ti ń da ìgboro rú tẹ́lẹ̀ wá ń bínú sí ẹni tó bá tọ̀ sára ògiri. Gadaffi kú ní 2012, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ṣì wà nílẹ̀: ẹni tó ń jẹun nídìí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ní jẹ́ kó dọ̀tí, kò sì ní jẹ́ kí ó wà ní títì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó máa tẹ áàpù láràárọ̀ pé, "Mo ti ṣí."

Lódìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 pé kí yíyàgbẹ́ sí gbangba ti dópin nígbà tó bá fi máa di 2025. Àṣẹ náà sọ pé kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ọjà, ní ilé epo, ní ilé ìjọsìn. Ọdún náà dé, iṣẹ́ náà ò tíì parí. Níhìn-ín ní Benin, òfin tó ń ṣètò ìjọba ìbílẹ̀ fi ìmọ́tótó àyíká sí ìkáwọ́ komúùnù fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ará Kika kò ní láti wọkọ̀ lọ sí Cotonou kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Mẹ́ẹ̀rì wà ní Tchaourou. Bí wọ́n bá gbé àwòrán tó ní ọjọ́ àti ibi lọ bá wọn lákòókò tí wọ́n ń ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀, ó máa ṣòro láti dá wọn padà pẹ̀lú pé "a máa wò ó".

Ohun tí wọ́n nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Fóònù Android kan tàbí méjì. Áàpù StreetComplete, tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè kéékèèké lórí ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó sì ń fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí OpenStreetMap nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Obìnrin kan gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tó ń rìn, nítorí ọkùnrin ò lè wọ ẹ̀gbẹ́ obìnrin lọ wo ìkọ́lẹ̀kùn. Kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ Baatonu àti ẹni tó gbọ́ Fúlàní dání. Kí wọ́n sọ fún olóyè àti imáàmù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun mìíràn ni wọ́n ń wá. Ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dúró síbi tí ọkọ̀ ti ń sọ èrò kalẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ìyá tó ń sọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí pé: níbo lẹ ti máa ń lọ? Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ni Ọjọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Lágbàáyé, òjò á ti dá, ọ̀nà á ti gbẹ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n rìn ín nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì wà, wọ́n á mọ ṣálángá tí omi ń wọ̀, wọ́n á sì ní nǹkan lọ́wọ́ láti gbé síwájú mẹ́ẹ̀rì lọ́jọ́ náà.